Ẹ Bi Ríwáyà: Wákàtí márùn-ún lórí títì, bátìrì tírélà ò sì kún

Ẹ̀gbọ́n Ríwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Katy ní ẹ̀gbẹ́ Houston ni mo ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti màmá àwọn ìbejì ra tírélà ìpàgọ́ kékeré kan tó rí bí ẹyin, ẹsẹ̀ bàtà 13 ni, tòkunbọ̀ ni ṣùgbọ́n ó mọ́. Bátìrì ẹ̀ wà níwájú, lórí irin tí wọ́n fi ń so ó mọ́ mọ́tò. Nígbà ooru a gbéra, ó di Garner State Park, ìrìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún láti ilé wa. Kí a tó jáde mo rí i pé bátìrì ti lọ sí ìlàjì, ìyàwó mi ní kí ló wá kàn mí níbẹ̀, ṣebí mọ́tò á máa ṣáájì ẹ̀ bá a ṣe ń lọ. A kó ẹran àti omi àwọn ọmọ sínú fíríìjì, ó tutù dáadáa títí a fi dé, ibẹ̀ la tó wá yí i sí gáàsì. Ibi tí wọ́n fún wa ò ní iná. Kò tíì tó aago mẹ́wàá alẹ́ tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, iná pọ́n bíi ti àtùpà, gbogbo ẹ̀ kú. Àwọn ìbejì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Ọ̀gbẹ́ni tó pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí n lọ ra sólà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní bátìrì lithium ló yẹ kí n rà, ẹnì kẹta ní alternator mọ́tò mi, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná, ló ti kú. Mi ò fẹ́ náwó lẹ́ẹ̀mẹ́ta o. Kí ló ń ṣe tírélà yìí gan-an?
Bàbá Ìbejì, Katy, Texas

Bàbá Ìbejì, ẹ kú àìsùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó ń kà á láti ilé pé tírélà tí Bàbá Ìbejì ń sọ yìí kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ńtì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn o. Yàrá kékeré ni, ibùsùn wà nínú ẹ̀, ibi ìdáná bíńtín wà níbẹ̀, jíìpù lásán ló ń fà á. Àwọn èèyàn níbí á kúrò nínú ilé tó ní AC, wọ́n á fà á lọ sínú igbó, wọ́n á sùn síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á tún sanwó fún un. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àfi ìgbà tí mo rí i pé iná inú ẹ̀ máa ń bàjẹ́ gan-an, mo gbá ẹnu mi pa mọ́, mo gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná.

Ó dáa, alternator yín ò kú. Ká ní ó kú ni, ẹ ò bá má dé San Antonio tí mọ́tò á fi dákú sójú ọ̀nà I-10. Inú gbólóhùn kan tẹ́ ẹ kàn sọ kọjá ni ọ̀rọ̀ wà: fíríìjì tutù dáadáa títí ẹ fi dé. Kí ló ń mú un tutù? Kì í ṣe gáàsì, torí ẹ ní ibẹ̀ lẹ tó yí i sí gáàsì. Bátìrì ni. Fíríìjì ọlọ́nà mẹ́ta yẹn, èyí tó ń lo gáàsì, tó ń lo iná ilé, tó tún ń lo bátìrì, tó bá ti wà lórí bátìrì, irin kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń gbóná bíi ti áyọ́ọ̀nù, ooru yẹn ló fi ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń mu tó ámpù 9 tàbí 10 láìsinmi, ámpù ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn tó. Wáyà tó ń gbé iná bọ̀ láti ọ̀dọ̀ mọ́tò ńkọ́? Lórí ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọn ò ṣe nǹkan kan kún, tí ámpù 6 bá dé orí bátìrì tírélà, ẹ dúpẹ́. Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Mẹ́fà ń wọlé, mẹ́wàá ń jáde, fún wákàtí márùn-ún. Ẹ̀ ń pọnmi sínú garawa tó ti jò nídìí ni, ìlàjì tẹ́ ẹ gbé kúrò ní Katy sì ti dín kẹ́ ẹ tó dé Garner.

Àmọ́ ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, torí mi ò fojú rí tírélà yín. Ẹ ra mítà, èyí tí ò tó ogún dólà ti tó, kẹ́ ẹ jáde síta ní ọ̀sán Sátidé kan.

Plọ́ọ̀gì lẹ máa kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ èyí tó pẹlẹbẹ, tó ní wáyà mẹ́rin péré, funfun, yẹ́lò, gíríìnì àti búráùn, ẹ dá a dúró síbẹ̀, ẹ ti rí ẹjọ́ náà. Iná ẹ̀yìn, iná tẹ́ ẹ fi ń yà àti ti bíréèkì nìkan ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà fún, kò sí ti bátìrì nínú ẹ̀, ẹ lè wakọ̀ dé California kí ámpù kan má wọlé. Tó bá jẹ́ èyí tó rí roboto, tó ní ẹsẹ̀ méje, wáyà dúdú inú tírélà ni ti bátìrì. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ kọjú sí ihò tó wà lára mọ́tò, kẹ́ ẹ wò ó bíi pé ojú aago ni. Ibi tí aago kan máa wà ni iná bátìrì ti ń jáde, ibi tí aago méje máa wà ni ẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí ìyàwó yín sítáàtì mọ́tò, kẹ́ ẹ ti ẹnu pupa mítà bọ aago kan, kẹ́ ẹ ti dúdú bọ aago méje. Tó bá ju 13.5 fóòtì lọ, ó dáa. Tó bá jẹ́ òdo, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wá fúùsì tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ trailer sí lára.

Ìyẹn rán mi létí ọkùnrin kan tó fa tírélà ẹ̀ wá bá mi. Ó ti ń fà á fún ọdún méjì, ó ti ra bátìrì méjì, gbogbo ẹni tó bá a wò ó ló ń sọ pé bátìrì ni. Mo wo ibi fúùsì, mo rí ihò lásán, fúùsì ò sí níbẹ̀ rárá. Mo ní kó ṣí píjìn-óòlù mọ́tò ẹ̀. Abẹ́ ìwé mọ́tò lọ́hùn-ún ni ọ̀rá kékeré kan wà, wọn ò tíì já a, fúùsì àti relay ẹ̀, ìyẹn súwíìṣì oníná, ń wò wá látinú ẹ̀. Àwọn mọ́tò kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń tà wọ́n nìyẹn, ẹni tó bá máa fa nǹkan ni kó fi síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò bínú sí mi o, ó kàn jókòó sórí búlọ́ọ̀kù ní iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Tí iná bá wà níhò mọ́tò, ẹ so tírélà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ pa fíríìjì, kẹ́ ẹ lọ wọn iná lórí bátìrì gan-an, lórí òjé méjèèjì, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tan fíríìjì sí bátìrì, kẹ́ ẹ máa wo nọ́ńbà yẹn. Ẹ máa rí i bó ṣe máa já wálẹ̀ lójú yín. Bó bá jẹ́ 14 níhò mọ́tò, tó wá jẹ́ 12.7 lórí bátìrì, ọ̀nà ni ìyókù rá sí. Ẹni tó bá ti fi rọ́bà tínrín fa omi láti ilé aládùúgbò rí á mọ ohun tí mò ń sọ: nídìí ẹ̀rọ omi ń ya, nígbà tó máa fi dé ọgbà tiyín, ó ti di pé ẹ̀ ń ka ìkán omi. Wáyà 12 gauge (gauge ni ìwọ̀n ìnípọn wáyà, bí nọ́ńbà ṣe ń kéré ni wáyà ń nípọn), èyí tó wọ́pọ̀ lórí irú iṣẹ́ yìí, tó bá rin ẹsẹ̀ bàtà 40 láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dé orí bátìrì tírélà, tó tún rin 40 padà, tí ámpù 10 sì ń gba inú ẹ̀, á jẹ fóòtì kan àti díẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Fóòtì kan kéré létí ṣùgbọ́n lórí bátìrì òun ni gbogbo ẹ̀, torí pé bátìrì olómi bíi tiyín nílò nǹkan bíi 14.4 kó tó lè kún dáadáa, 13 lásán kàn máa tọ́jú èyí tó ti kún tẹ́lẹ̀ ni, kò lè kún èyí tó ti lọ sí ìlàjì, ká ní ẹ tiẹ̀ wakọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àwọn mọ́tò tuntun tún wá ní àrékérekè tiwọn. Kọ̀ǹpútà inú wọn ló ń darí alternator. Tó bá ti rí i pé bátìrì mọ́tò fúnra ẹ̀ ti kún, á rẹ iná yẹn sílẹ̀ kí epo má bàa jó púpọ̀, nígbà míì á wá sí 13 tàbí kó dín. Kò mọ̀ pé tírélà kan ń bẹ lẹ́yìn tí ebi ń pa. Ẹ wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe sítáàtì, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú ogún, tí nọ́ńbà bá ti yí padà ẹ mọ irú mọ́tò tẹ́ ẹ ní.

Kí lẹ máa wá ṣe? Èyí tí ò náni lówó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ẹ fi wáyà tírélà sínú sókẹ́ẹ̀tì ilé yín, adapter kékeré tó ń yí plọ́ọ̀gì 30 ámpù sí ti ilé lẹ máa lò, kẹ́ ẹ má ṣáà tan AC tírélà lórí ẹ̀. Charger inú tírélà á kún bátìrì, fíríìjì náà á tutù lórí iná ilé. Ẹ fi ọ̀rá omi dídì mẹ́ta mẹ́rin sínú ẹ̀. Bí ẹ bá ń gbéra láàárọ̀, ẹ pa fíríìjì pátápátá, ẹ má ṣí i lójú ọ̀nà. Wákàtí márùn-ún ò tó kí ẹran yọ̀. Èmi o, kúlà tí ìyàwó mi fi ń kó ohun mímu lọ òde ìnáwó ni mo máa ń lò, yìnyín ilé epo Buc-ee's ni mo ń rà sí i, ọ̀rọ̀ parí. Bí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá wá ń gbé ámpù márùn-ún wá, bátìrì nìkan ló ni ín, ẹni kankan ò bá a pín in. Mo lè fi ẹ̀jẹ́ jẹ́ ẹ pé ìyẹn nìkan ì bá ti gbé fáànù yín dé òwúrọ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń lọ ọ̀nà jíjìn léraléra, tẹ́ ẹ sì máa ń sùn síbi tí ò sí iná, ohun tẹ́ ẹ máa wá rà ni charger tí wọ́n ń pè ní DC-DC. Àpótí kékeré ni, wọ́n á gbé e sítòsí bátìrì tírélà, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó gba iná tó ti rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mọ́tò, ì báà jẹ́ 12 àti díẹ̀, kó gbé e sókè sí 14.4 kó tó fún bátìrì. Fún bátìrì olómi 100 amp-hour (amp-hour ni iye iná tí bátìrì lè gbà pamọ́), èyí tó ń gbé ámpù 20 ti tó, wákàtí méjì mẹ́ta lórí títì á ti mú un kúrò níbi tó ti ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kó tó lè gbé ámpù 20 jáde lókè, ó lè fa 25 sí 27 wọlé nísàlẹ̀, torí agbára kì í ti ọ̀run já bọ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú plọ́ọ̀gì ẹsẹ̀ méje ò lè gbé ìyẹn fún wákàtí gígùn. Ẹ máa fa wáyà tuntun tó nípọn, 6 gauge ni mo fẹ́ràn jù, láti orí bátìrì mọ́tò gan-an wá sẹ́yìn, pẹ̀lú fúùsì ní ìtòsí bátìrì mọ́tò, òmíràn ní ìtòsí ti tírélà, kẹ́ ẹ sì fi plọ́ọ̀gì Anderson, èyí tó lè gbé iná púpọ̀, so méjèèjì láàárín.

Mo tẹnu mọ́ ọn torí ohun tí mo fọwọ́ ara mi kàn. Ẹnì kan wo fídíò, ó ra DC-DC ámpù 40, ó so ó mọ́ plọ́ọ̀gì ẹsẹ̀ méje tó bá lára mọ́tò. Kó tó sọ̀rọ̀ mo ti gbóòórùn, òórùn ike tó jó kì í pamọ́. Mo fa plọ́ọ̀gì yẹn, kò jáde, ó ti lẹ̀ mọ́ ihò bíi gúọ́mù. Nígbà tó jáde, ẹsẹ̀ mẹ́fà ṣì ń dán, èyí tó ń wọ ihò aago kan ti di búráùn bí ìdí ìkòkò, ike tó yí i ká ti wú. Orí ló yọ ọ́.

Lithium ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín ò purọ́, ó fúyẹ́, ẹ lè lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ti olómi kò yẹ kẹ́ ẹ lò kọjá ìlàjì. Àmọ́ lórí tírélà yín bó ṣe wà yìí, ẹ máa kàn fi owó ńlá ra ebi ńlá ni. Iná kan náà lá ṣì máa dé orí ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì wá fa wáyà tó nípọn láìfi DC-DC sí i, lithium máa ń gba iná ní ìwàǹwára, ó lè mú kí alternator gbóná jù. Wọn kì í sì í ṣáájì ẹ̀ tí òtútù bá ti bọ́ sí abẹ́ 32 lórí òǹkà Fahrenheit. Houston kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà níbí ní Fébúrárì 2021 mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀.

Sólà dáa. 100 watt kan lórí òrùlé, tí òrùn bá ràn dáadáa, á fún yín ní amp-hour 25 sí 30 lójúmọ́, tó bá sì wà lórí òrùlé, á máa ṣiṣẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń wakọ̀. Kìkì pé igi pọ̀ létí odò Frio ní Garner níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin náà rí i, ibi òjìji tẹ́ ẹ ń wá nítorí àwọn ọmọ, sólà ò fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìkejì.

Ẹ tún yẹ ọjọ́ orí bátìrì yẹn wò. Ẹ kún un, ẹ yọ gbogbo nǹkan lára ẹ̀, kó sinmi wákàtí mélòó kan, torí tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n bó ṣe kúrò lórí iná ó máa parọ́ fún yín. Tó bá sinmi tán tó jẹ́ 12.6 tàbí 12.7, ó kún. 12.2 ni ìlàjì, ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá kún lálẹ́ tó di 12.3 láàárọ̀ láìlo nǹkan kan, ó ti darúgbó, ẹ jẹ́ kó lọ. Tó bá ní ìdérí, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ wo omi, distilled water nìkan lẹ máa bù sí i.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ ò bi mí, ó sì ju ọ̀rọ̀ fáànù lọ. Tí tírélà yín bá ní bíréèkì oníná, ẹ wo iwájú ẹ̀, ẹ máa rí okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ́ ẹ máa ń fi kọ́ mọ́tò. Bí tírélà bá já kúrò lẹ́yìn yín, okùn yẹn ló máa fa nǹkan kan yọ kí bíréèkì tírélà lè dì í mú fúnra ẹ̀. Iná bátìrì yẹn ló ń lò. Bátìrì tó ti kú ò lè dá tírélà tó já dúró, kò sì yẹ kẹ́ ẹ gbé e sórí I-10 rárá.

Ẹ̀gbọ́n Ríwáyà, caravan ni àwa ń pe tírélà ìpàgọ́ ní Manchester níbí. Mọ́tò wa ti dàgbà, ihò dúdú ẹlẹ́sẹ̀ méje kan ló ní. Caravan tí a rà ní plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ 13, a ra adapter. Gbogbo iná ẹ̀yìn tàn, ṣùgbọ́n fíríìjì kì í ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà, bátìrì kì í sì í gba iná. Ṣé kí n dá a padà fẹ́ni tó tà á?
Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Manchester

Ẹ má dá a padà mà, kò ṣe nǹkan kan. Ihò dúdú yẹn, 12N ni wọ́n ń pè é, iná ẹ̀yìn lásán ló wà fún. Láyé àtijọ́ ihò méjì ló máa ń wà, dúdú àti èkejì tó máa ń jẹ́ funfun tàbí eérú, 12S, òun ló ń gbé iná fíríìjì àti ti bátìrì. Adapter ò lè gbé ohun tí kò sí níhò jáde. Lára 13 yẹn, nọ́ńbà 9 ni iná bátìrì, nọ́ńbà 10 ni ti fíríìjì, òun kàn máa ń wá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí ẹni tó mọ iṣẹ́ towbar, irin ẹ̀yìn mọ́tò tí wọ́n fi ń fa caravan, fa wáyà 13 gidi sí mọ́tò yín, pẹ̀lú relay ẹ̀. Ẹ rí i pé fíríìjì tiyín ní wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, kì í jẹun nínú abọ́ bátìrì. Bàbá Ìbejì ì bá dúpẹ́ fún irú ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Ríwáyà, tí bátìrì tírélà bá kú níbi tá a pàgọ́ sí, ṣé mo lè fi wáyà jump-start so ó mọ́ mọ́tò kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́?
Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta

O lè ṣe é tó bá jẹ́ bátìrì olómi sí bátìrì olómi, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, má dán an wò pẹ̀lú lithium. Wákàtí kan á fún ẹ ní iná tó máa gbé alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò lè kún, torí ìdá tó kù lókè yẹn gan-an ló máa ń pẹ́ jù láti wọlé, epo rẹ á tán kó tó parí. Má ṣe é níbi tí èéfín ti lè wọlé tọ àwọn tó ń sùn, èéfín mọ́tò àti ti jẹnẹrétọ̀ pa èèyàn ní Houston níbí nígbà òtútù 2021 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Bó o bá ṣe é tán, yọ plọ́ọ̀gì tírélà kúrò lára mọ́tò kó o tó sùn. Lórí àwọn mọ́tò kan iná yẹn kì í kú tó o bá paná mọ́tò, tírélà á máa fa bátìrì mọ́tò mu lóru, ilẹ̀ á mọ́ méjèèjì á ti gbẹ, wàá wá máa kan ilẹ̀kùn àgọ́ onílé kejì pẹ̀lú pajámà lára.